Bí A Ṣe To Ìwé Ilẹ̀ Abẹ́òkúta Sínú Àtọ́ka Ìwákiri: Ìrírí Mi

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni kíkó ìwé ilẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìwákiri fún ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní Abẹ́òkúta. Ìwé àdéhùn, ìwé ìwọnlẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sọ́fè, rìsíìtì àwọn ọmọ onílẹ̀, ìwé ogún àti ìwé ẹjọ́ ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀, láti ìgbà tí wọn kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ títí di òní. Wọ́n ti ya àwòrán àwọn ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ ka ọ̀rọ̀ inú wọn jáde, nítorí náà ohun tó kù ni kí akọ̀wé lè tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ìwé tó ń wá sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tí a lò ni Elasticsearch, tí Shay Banon kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2010, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ Lucene, iṣẹ́ tí Doug Cutting bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999. Ẹni tó bá ń lo Solr, ẹ̀rọ ìwákiri mìíràn, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo máa sọ kan òun náà, nítorí orí Lucene yìí kan náà ni Solr dúró lé.

Ohun tí Lucene ń tọ́jú, tí a ń pè ní àtọ́ka, kò ju àkójọ ọ̀rọ̀ lọ, tí nọ́ńbà gbogbo àkọsílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti jẹ yọ tò tẹ̀lé e. Bí ẹnì kan bá tẹ "Kútọ̀", ẹ̀rọ kò ní lọ máa tú ìwé. Ìdí ọ̀rọ̀ náà ló máa lọ, yóò sì kó àwọn nọ́ńbà tó bá níbẹ̀ jáde. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àwọn àyè tirẹ̀, bí irú ìwé tó jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n pẹrẹsẹ ni gbogbo wọn tẹ́. Kò sí òbí níbẹ̀, kò sí ọmọ, kò sí ilẹ̀ tó wà nínú àdúgbò tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀. Nínú dátábéèsì, a lè so tábìlì kan mọ́ òmíràn nígbà tí ìbéèrè bá dé. Nínú àtọ́ka, a gbọ́dọ̀ ti parí ìsopọ̀ náà kí ìbéèrè tó dé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó kàn da dátábéèsì rẹ̀ sínú àtọ́ka bó ṣe wà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìbéèrè àwọn tó máa lò ó ni kó kọ́kọ́ kó jọ, nítorí ìbéèrè ló ń pàṣẹ bí àkọsílẹ̀ ṣe máa rí.

Bàbá akọ̀wé àgbà ọ́fíìsì náà ni mo jókòó tì, ẹni tó ti wà nídìí fáìlì kí wọ́n tó ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú ìwé wo ni àwọn ọ̀gá máa ń ní kí ẹ wá jáde jù lọ?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọn kì í béèrè ìwé ẹyọ kan. Wọ́n á ní kí n kó gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ Ọbáńtokò wá. Wọ́n á ní kí n wá ibi tí Lágbájá ti ta ilẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ṣe ẹlẹ́rìí o. Wọ́n á ní èyí tó ju plọ́ọ̀tì mẹ́rin lọ, tí wọ́n ti rà kí òfin Ọbásanjọ́ tó dé." Òfin tí wọ́n ń wí ni Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, èyí tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀, tó sì mú kí ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé ilẹ̀ di ohun tí agbẹjọ́rò máa ń kọ́kọ́ wò. Gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe lẹ́yìn náà wà nínú ìdáhùn bàbá yìí: ohun tó wà lábẹ́ ohun mìíràn, ohun méjì tí kò gbọdọ̀ yà kúrò lára wọn, àti àbùdá tí ìwé kan ní tí òmíràn kò ní.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti Ọbáńtokò. Ìpínlẹ̀ ló wà lókè, ìjọba ìbílẹ̀ tẹ̀lé e, àdúgbò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ gan-an. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí a kọ gbogbo ipa ọ̀nà náà sínú àyè kan, Ògùn/Ọ̀dẹ̀dá/Ọbáńtokò, kí a sì fún irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní path_hierarchy ní iṣẹ́ gígé e. Yóò gé e sí ẹyọ mẹ́ta: Ògùn, Ògùn/Ọ̀dẹ̀dá, àti Ògùn/Ọ̀dẹ̀dá/Ọbáńtokò. Bí ẹnì kan bá béèrè gbogbo ìwé abẹ́ Ọ̀dẹ̀dá, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ máa yẹ̀ wò, kò ní máa fi àmì ìràwọ̀ wá gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìgbà tí a bá ń kọ ìwé sínú àtọ́ka nìkan ni gígé yìí wà fún. Bí a bá jẹ́ kí irinṣẹ́ náà gé ìbéèrè pẹ̀lú, ẹni tó béèrè Ògùn/Ọ̀dẹ̀dá/Ọbáńtokò yóò ti béèrè Ògùn láìmọ̀, gbogbo ìwé inú ọ́fíìsì ni yóò sì jáde sí i.

Síbẹ̀, orúkọ kì í ṣe ohun tó yẹ kí a fi ṣe ipa ọ̀nà. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ ní ọdún 1970 lórí ilẹ̀ kan náà ń pe ibẹ̀ ní Western State, èyí tó ṣáájú ọdún 1967 sì ń pè é ní Western Region. Orí ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn wà, ẹni tó ń wá wọn sì fẹ́ rí gbogbo wọn pa pọ̀. Nítorí náà, a fún ibi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà, a kó àwọn orúkọ rẹ̀, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, sínú àkójọ kan lọ́tọ̀, a sì fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè kan tó kó nọ́ńbà gbogbo àwọn ibi tó wà lókè rẹ̀ dání. Àyè kejì gba nọ́ńbà òbí tó sún mọ́ ọn jù nìkan, fún ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ ohun tó wà tààrà lábẹ́ ibì kan láì fẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Àǹfààní kejì tí nọ́ńbà fún wa kò ṣeé fojú kéré ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó ń gbé Ọbáńtokò yóò sọ fún ọ pé Abẹ́òkúta ni òun ń gbé, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n lójú ìjọba, abẹ́ Ọ̀dẹ̀dá ni ibẹ̀ bọ́ sí, kì í ṣe abẹ́ Gúúsù tàbí Àríwá Abẹ́òkúta. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ kò fi ìjọba ìbílẹ̀ ka ara wọn. Wọ́n á ní ará Kémtá ni àwọn, lábẹ́ Aké, tàbí pé Òkè-Ọnà, Gbágùrá tàbí Òwu ni orísun àwọn. Igi méjì ni èyí, ìyẹn ètò òbí àti ọmọ méjì, ìwé kan ṣoṣo sì wà lábẹ́ méjèèjì. Ipa ọ̀nà ẹyọ kan kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n àyè tó kó nọ́ńbà àwọn òbí kò bìkítà bóyá igi kan ni wọ́n ti wá tàbí igi mẹ́ta. A kàn da gbogbo wọn sínú rẹ̀, ìbéèrè láti ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí yóò sì bá ìwé náà níbẹ̀. Ipa ọ̀nà tí a ń fi han ènìyàn lójú kọ̀ǹpútà ni a ṣì kọ lọ́tọ̀ fún igi kọ̀ọ̀kan.

Fódà inú ọ́fíìsì jẹ́ igi mìíràn, a kò sì tò ó bákan náà. Igi àwọn ibi kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé fódà kiri bí ó ṣe wù wọ́n. Bí a bá kọ gbogbo òbí fódà sára ìwé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé fódà ńlá kan láti abẹ́ oníbàárà kan sí abẹ́ òmíràn, gbogbo ìwé inú rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ tún kọ sínú àtọ́ka, nítorí Lucene kì í ṣe àtúnṣe sórí àkọsílẹ̀ tó ti wà. Yóò sàmì sí ti tẹ́lẹ̀ pé ó ti kú, yóò sì kọ òmíràn. Nítorí náà, nọ́ńbà fódà tí ìwé wà nínú rẹ̀ gan-an nìkan ni a kọ sí i. Tí ìbéèrè bá dé, ètò wa ni yóò ka igi fódà nínú dátábéèsì, yóò kó nọ́ńbà gbogbo fódà tó wà lábẹ́ èyí tí wọ́n béèrè, yóò sì fi gbogbo wọn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Elasticsearch lè gba nọ́ńbà 65,536 nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kí a tó yí ètò rẹ̀ padà, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò wo ló sì fẹ́ ní fódà tó tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà yìí kan náà ni a fi ṣe ti ẹni tó láṣẹ láti rí ìwé, nítorí orí fódà ni àṣẹ wà.

Mo wá kan ti Lágbájá, èyí tí mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fara balẹ̀ sí jù. Ìwé àdéhùn kan ní ẹni tó tà, ẹni tó rà, àwọn ẹlẹ́rìí àti agbẹjọ́rò tó kọ ọ́. Bí a bá kọ wọ́n gẹ́gẹ́ bí àtòjọ ènìyàn, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ipò, lójú wa ó dúró déédéé. Nígbà tó bá dé inú Lucene, àtòjọ náà yóò túká sí àyè méjì: àyè orúkọ yóò ní Lágbájá, Tàmẹ̀dù àti Làkáṣègbè nínú, àyè ipò yóò sì ní olùtà, olùrà àti ẹlẹ́rìí nínú. Ta ló tà á fún ta? Àtọ́ka kò mọ̀ mọ́. Ẹni tó bá wá ìwé tí Tàmẹ̀dù ti jẹ́ olùtà yóò rí ìwé tí Tàmẹ̀dù fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ní kìlọ̀ fún un pé nǹkan kan ṣe. Ní ilé ìtajà, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè mú kí wọ́n fi bàtà aláwọ̀ mìíràn han oníbàárà. Nídìí ilẹ̀, ẹni tó tà àti ẹni tó rà ni gbogbo ẹjọ́ dá lé.

Ohun tó wà fún irú èyí ni irú àyè tí Elasticsearch ń pè ní nested. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àtòjọ yóò di àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tó fara pamọ́, wọn yóò sì tò tẹ̀lé ara wọn nínú agbo kan, àwọn ọmọ ṣáájú, òbí kẹ́yìn, kí ẹ̀rọ lè gba ara ọmọ dé ọ̀dọ̀ òbí láì wá a lọ sí ibòmíràn. Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìwé tó ní ènìyàn márùn-ún di àkọsílẹ̀ mẹ́fà, bí a bá sì yí orúkọ ẹlẹ́rìí kan padà, gbogbo agbo náà ni ẹ̀rọ máa tún kọ. Ìwé kan kò tún gbọdọ̀ ní ju irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 10,000 lọ bí a kò bá yí ètò padà. Fún ìwé àdéhùn, kò sí wàhálà níbẹ̀, nítorí tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán, ta ló tún ń yí i padà?

Bó bá jẹ́ pé orúkọ àti ipò nìkan ni a ní, mi ò bá má ti lo nested rárá. Ipò kò pọ̀, wọn kò sì yí padà: a lè fún olùtà ní àyè kan, olùrà ní àyè kan, ẹlẹ́rìí ní àyè kan, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ohun tó mú wa lò ó ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan tún ní àlàyé tó ń tẹ̀lé e: ó tà á gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, tàbí wọ́n fún un láṣẹ láti ṣojú ẹlòmíràn, tàbí ìka ló fi tẹ ìwé, kò buwọ́ lù ú. Ọ̀nà mìíràn tún wà, èyí tí òbí àti ọmọ fi ń jẹ́ àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí àyè join so pọ̀, tí a sì lè yí ọmọ padà láì fọwọ́ kan òbí. Inú ẹ̀ka àtọ́ka kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà, ó ń jẹ ààyè ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìbéèrè rẹ̀ sì ń falẹ̀ ju ti nested lọ. Mo fi í sílẹ̀. Fún ìwé ẹjọ́, níbi tí ìròyìn ìsúnsíwájú ẹjọ́ ti ń wọlé lemọ́lemọ́, mo jẹ́ kí ìròyìn kọ̀ọ̀kan jẹ́ àkọsílẹ̀ tó dá dúró, tí nọ́ńbà ẹjọ́ wà lára rẹ̀.

Kí àtọ́ka dára nìkan kò tó, ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ dára. Ẹni tó bá kọ "orúkọ ni Lágbájá" sínú gbólóhùn nested kan, tó wá kọ "ipò ni olùtà" sínú òmíràn, ti dá àdàlú tẹ́lẹ̀ padà, nítorí ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè dáhùn sí wọn. Inú gbólóhùn kan ni méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Kíkọ̀ tún gba àkíyèsí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá ní "kì í ṣe ibi tó ti ṣe ẹlẹ́rìí". Bí a bá fi "kì í ṣe ẹlẹ́rìí" sínú gbólóhùn nested láì fi orúkọ tì í, ohun tí a ń béèrè ni ìwé tó ní ẹnì kan, ẹni yòówù, tí kì í ṣe ẹlẹ́rìí, gbogbo ìwé ló sì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òde ni kíkọ̀ gbọ́dọ̀ wà: kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wá ìwé tí Lágbájá ti jẹ́ ẹlẹ́rìí, kó sì yọ ìwé náà kúrò.

Apá tó gba àròjinlẹ̀ jù ni ti àbùdá tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ń fi kún ìwé. Sọ́fè ní nọ́ńbà rẹ̀ àti ìtóbi ilẹ̀. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ ní iye owó àti orúkọ olórí ẹbí. Ìwé ẹjọ́ ní nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Lọ́la, agbẹjọ́rò kan lè ní òun fẹ́ máa kọ iye tí wọ́n san kí gómìnà tó fọwọ́ sí títà ilẹ̀, kò sì ní pe ẹlẹ́rọ kó tó fi kún un.

Bí a bá fi Elasticsearch sílẹ̀ bó ṣe wà, àbùdá kọ̀ọ̀kan yóò di àyè tuntun fúnra rẹ̀. Ó dùn mọ́ni títí àyè yóò fi pé 1,000, èyí tó jẹ́ òdiwọ̀n tí wọ́n fi sí i, lẹ́yìn èyí ni yóò máa dá ìwé tó bá mú àyè tuntun wá padà. Òdiwọ̀n náà ní ìdí, nítorí gbogbo ẹ̀rọ tó jọ ń ṣiṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ máa rántí àyè kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n irú ohun tí àyè ń gbà ló burú ju iye rẹ̀ lọ. Ohun tó bá kọ́kọ́ wọ inú àyè ló ń sọ irú ohun tó máa gbà títí láé. Bí iye owó àkọ́kọ́ bá jẹ́ 250000, nọ́ńbà ni àyè náà. Ẹni tó bá wá kọ "náírà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún" síbẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ yóò dá odidi ìwé rẹ̀ padà, kì í ṣe àyè yẹn nìkan. A kò sì lè yí irú àyè padà lórí àtọ́ka tó ti wà. A ní láti kọ àtọ́ka tuntun, kí a sì yí orúkọ tí ètò fi ń pè é sí tuntun náà nígbà tó bá parí.

Irú àyè kan wà tí wọ́n mú wọlé ní ẹ̀dà 7.3, tí wọ́n ń pè ní flattened, tó lè gba gbogbo àbùdá pọ̀ sínú àyè kan ṣoṣo láì dá àyè tuntun sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ lẹ́tà ló ka gbogbo ohun sí. Lójú rẹ̀, 1000 ṣáájú 250, nítorí pé 1 ṣáájú 2. Ìbéèrè plọ́ọ̀tì mẹ́rin kú síbẹ̀. Àwọn kan ń lo nested, kí àbùdá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ tó ní orúkọ, àyè fún nọ́ńbà, àyè fún ọjọ́ àti àyè fún ọ̀rọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìlànà kọ̀ọ̀kan nínú ìbéèrè gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn tirẹ̀, títo èsì lẹ́sẹẹsẹ nípasẹ̀ àbùdá sì di iṣẹ́ tó nira.

Ohun tí a ṣe ni pé a ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ àbùdá nínú dátábéèsì. Àbùdá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, orúkọ tí ènìyàn ń rí, àti irú rẹ̀: ọ̀rọ̀, àmì tí a kò gbọdọ̀ gé, nọ́ńbà, ọjọ́, tàbí bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́. Irú àti nọ́ńbà ni a fi ń pe àyè rẹ̀ nínú àtọ́ka, bíi n_17 fún nọ́ńbà tàbí d_23 fún ọjọ́, a sì ti sọ fún ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ pé ohunkóhun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú n_ nọ́ńbà ni. Àwọn tó ń lo Solr ti mọ irú èyí, nítorí ìparí orúkọ àyè ló ń sọ irú rẹ̀ fún wọn, bí _s fún lẹ́tà àti _dt fún ọjọ́. Bí ẹnì kan bá yí orúkọ àbùdá padà, àtọ́ka kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àbùdá tí a nílò láti fi wọn ohun tó pọ̀ jù tàbí tó kéré jù nìkan ló ń ní àyè tirẹ̀. Àwọn yòókù wà nínú flattened, a sì da ọ̀rọ̀ inú gbogbo wọn sínú àyè kan fún ẹni tó kàn tẹ ọ̀rọ̀ láìmọ ibi tó wà. Bàbá akọ̀wé ni a fi ṣe olùtọ́jú ìforúkọsílẹ̀ náà. Kí a tó fi wọ́n síbẹ̀, "Olórí Ẹbí", "Orúkọ olórí ẹbí" àti "Family Head" ti di àbùdá mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí irinṣẹ́ kankan nínú Lucene tó lè ṣe iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe nípa bíbéèrè pé, "Ṣé kì í ṣe ohun tí a ti ní lèyí?"

Nọ́ńbà pàápàá kì í ṣe nọ́ńbà títí a ó fi mọ ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Plọ́ọ̀tì tí wọ́n wọ̀n ní ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 jẹ́ nǹkan bíi mítà 464 níbùú lóròó, ti ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 sì jẹ́ nǹkan bíi 669. Éékà kan jẹ́ nǹkan bíi 4,047. Plọ́ọ̀tì mẹ́rin ti ẹnì kan lè má tó mẹ́ta ti ẹlòmíràn. A sọ gbogbo wọn di mítà kan náà nínú àyè nọ́ńbà, a sì fi ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé gan-an sí àyè mìíràn, nítorí ohun tó wà lórí ìwé ni ilé ẹjọ́ máa wò. Bákan náà ni ọjọ́. Ọ̀pọ̀ rìsíìtì àtijọ́ ní ọdún nìkan. Bí a bá kọ 1978 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ kìíní ọdún náà, a ti fi ìwé náà sí iwájú òfin láìní ẹ̀rí. Àyè tó ń gba ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni a lò: ìwé tí òpin rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 jáde gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, èyí tí ọjọ́ náà bọ́ sí àárín rẹ̀ sì jáde lọ́tọ̀, kí agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ wò ó.

Orúkọ ènìyàn ní ìṣòro tirẹ̀, tí àwọn tó ń kọ èdè mìíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdé. Akọ̀wé kan yóò tẹ Ṣówùnmí, òmíràn Sowunmi. Lẹ́tà ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Ẹ ni a ń kọ, tí a ó sì fi àmì òkè lé e lórí. Àwọn kan ń lo àmì tóótó nísàlẹ̀, àwọn kan ń lo ìlà kékeré, ẹ̀rọ sì ka méjèèjì sí ohun ọ̀tọ̀. Irinṣẹ́ asciifolding yóò sọ ẹ di e, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan àmì òkè tó dá dúró. Irinṣẹ́ mìíràn, ICU folding, ló ń yọ gbogbo wọn kúrò. Àyè méjì ni a fún orúkọ, ọ̀kan pẹ̀lú àmì, ọ̀kan láìsí àmì, kí ẹni tó fi àmì tẹ̀ ẹ́ rí ti àmì lókè, kí ẹni tí kò fi àmì sí i má sì pàdánù nǹkan kan.

Ìwé tún ń jogún nǹkan lára fáìlì tí a fi í sí. Orúkọ oníbàárà wà lára fáìlì, kì í sí lára sọ́fè, bẹ́ẹ̀ sọ́fè oníbàárà náà ni ènìyàn ń wá. A da àbùdá fáìlì sára ìwé kọ̀ọ̀kan, sínú àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún ohun àjogúnbá, a sì jẹ́ kí ohun tó wà lára ìwé fúnra rẹ̀ wúwo jù ú lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń to èsì. Bí a bá fi mọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó tẹ orúkọ oníbàárà yóò rí gbogbo ojú ìwé inú fáìlì rẹ̀ títí yóò fi sú u, nítorí náà a ń kó èsì jọ ní fáìlì-fáìlì, tí ìwé tó bá ìbéèrè mu jù sì ń ṣojú àwọn yòókù.

Lẹ́yìn tí a ti ń lò ó, bàbá béèrè ohun kan tí mi ò fi sínú àtọ́ka: gbogbo ilẹ̀ tó bá ti ẹbí kan pààlà, àti gbogbo ilẹ̀ tó bá àwọn yẹn náà pààlà. Ààlà kì í ṣe igi. Kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀, ìbéèrè náà sì ń lọ láti ilẹ̀ kan sí èkejì láì ní ibi tó gbọ́dọ̀ dúró sí. Orúkọ àwọn aládùúgbò tó wà lórí sọ́fè wà nínú àtọ́ka gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí a lè rí wọn bí a bá tẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n rírìn láti ààlà dé ààlà, dátábéèsì ni mo fi sílẹ̀ fún. Ó fi nọ́ńbà àwọn ìwé tó bá rí ránṣẹ́ sí àtọ́ka, àtọ́ka sì ń wá ọ̀rọ̀ inú wọn.